Fóònù Tí Kì Í Tú Àṣírí

"Munirat, mo fẹ́ kí o bá mi tún fóònù yìí ṣe kó yadi," ni Àǹtí Tẹniọlá wí, ó sì gbé páálí tuntun kan ka orí tábìlì láàárín òkìtì bébà. "Kó yadi, kó dití, kó má sì ríran, àfi tí èmi fúnra mi bá ní kó ríran."

Àwọn obìnrin tó wà nídìí tábìlì náà bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ṣé fóònù lẹ rà ni àbí òkúta?" ni Munirat béèrè.

"Òkúta tó ń pe èèyàn ni mo fẹ́. Ṣé o lè ṣe é àbí o ò lè ṣe é?"

"Èmi kẹ̀? Ẹ gbé e wá ma. Kí ẹ tó mu omi tán, mo ti ṣe é tán."

Nínú ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ni wọ́n wà lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Bí ẹ̀rọ bá ti tẹ ojú ìwé tán, ìyá Munirat, Àǹtí Tẹniọlá àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn ló máa ń yí tábìlì gígùn kan po, wọ́n á máa ṣa bébà lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ìwé kìíní, ojú ìwé kejì, títí yóò fi di odindi ìwé lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ wọn yá, ṣùgbọ́n ẹnu wọn yá jù ú lọ. Bí obìnrin kan bá ra ìkòkò tuntun ní Bàríga láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán wọn á ti máa sọ àwọ̀ rẹ̀ nídìí tábìlì yẹn.

Munirat ṣì wà nílé ìwé girama, ṣùgbọ́n Sátidé ni ó máa ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wá síbi iṣẹ́. Injiníà ni àwọn obìnrin náà ń pè é, nítorí fóònù tó bá ń ṣe wàhálà, tó bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, á bọ̀ sípò. Orúkọ yẹn dùn mọ́ ọn ju oúnjẹ lọ. Bó bá ń rìn lọ sílé, á máa rí ara rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú nínú ọ́fíìsì onígíláàsì, tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára ilẹ̀kùn.

Àǹtí Tẹniọlá fà á lọ sẹ́yìn òkìtì bébà kan tó ga bí ògiri.

"Fóònù mi àtijọ́ ló kọ́ mi lọ́gbọ́n," ó ní, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Mo béèrè ọ̀rọ̀ kan péré lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ nípa ọmọ. Láti ọjọ́ yẹn, ìpolówó ò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Aṣọ ọmọ, ọṣẹ ọmọ, bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Ìyá Tabitha ní òun fẹ́ fi fóònù mi pe èèyàn, ó rí ìpolówó yẹn, ó ní, 'Ìyàwó, ṣé o ti ń ra ẹrù sílẹ̀ de àlejò tí ò mọ̀nà ilé yín ni?' Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ sì rẹ́rìn-ín."

Ojú Munirat wálẹ̀. Ìyá Tabitha ni ẹ̀gbọ́n Bọ̀ọ̀dá Japhet, ọkọ Àǹtí Tẹniọlá. Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti ṣègbéyàwó, Ọlọ́run ò tíì fi ọmọ ta wọ́n lọ́rẹ, Ìyá Tabitha ò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn.

"Ẹ fọkàn balẹ̀ ma," ni Munirat wí. "Ẹnikẹ́ni ò ní í rí nǹkan kan nínú èyí."

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní kí Àǹtí tẹ ìka rẹ̀ sára fóònù náà, kó lè jẹ́ pé ìka yẹn ni yóò máa ṣí i. Ó ṣe é kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ má ṣe máa hàn síta nígbà tí fóònù bá wà ní títì. Ó pa ohun tó máa ń sọ ibi tí èèyàn wà fún àwọn onípolówó. Ó yọ àwọn áàpù tí kò wúlò dànù. Àwọn tó kù, ó ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọlọ́dẹ tó dúró lẹ́nu géètì.

"Ẹ wo èyí ma. Iná tọ́ọ̀ṣì lásán ni, ó ní òun fẹ́ rí gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù yín."

"Kí ló fẹ́ fi ṣe? Ṣé ó fẹ́ lọ tan iná fún wọn nílé ni?"

"Mo ti lé e dànù. Eléyìí náà, géèmù ni, ó ní òun fẹ́ máa gbọ́ ohùn yín."

"Kó lọ máa gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀!"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Àǹtí. Ibi tí iṣẹ́ náà ti wá dúró ni ímeèlì. Fóònù ní kí wọ́n kọ ímeèlì sí òun kí òun tó gba áàpù tuntun kankan.

"Ímeèlì tèmi kẹ̀?" ni Àǹtí wí. "Bọ̀bọ́ tó ta ti àtijọ́ fún mi ní Fádèyí ló ṣe é. Òun ló mọ̀ ọ́n. Èmi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀."

Bó ṣe rí fún ọ̀pọ̀ èèyàn ládùúgbò wọn nìyẹn. Ẹni tó ta fóònù ló máa ń ṣí i fún oníbàárà. Á fi ímeèlì ara rẹ̀ sí i kí iṣẹ́ lè yá, oníbàárà á sì gbé fóònù lọ sílé tayọ̀tayọ̀, kò ní í mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ ilé òun wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Munirat mọ̀ pé ó yẹ kí òun ṣí ímeèlì tuntun fún Àǹtí. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà bí ìgbín, àwọn obìnrin sì ti ń pariwo láti ìdí tábìlì pé, "Tẹniọlá, ojú ìwé kẹta ń dúró dè ọ́ o!"

"Ṣé kò tíì tán ni?" ni Àǹtí béèrè. "Ìwọ tí wọ́n ní ọwọ́ rẹ yá?"

Gbólóhùn yẹn ló bà á jẹ́. Munirat kọ ímeèlì ara rẹ̀ sí i, bó ṣe ti ṣe fún Alhaja Fàsílátù tó ń ta bébà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé náà, àti fún àwọn mìíràn ṣáájú. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun á yí i padà tó bá yá.

"Ó ti tán ma."

"Injiníà! Ọlọ́run á jẹ́ kí o gòkè."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Alhaja Fàsílátù pe Munirat bó ṣe ń wọlé.

"Injiníà, ta ló kó nọ́ńbà tí n kò mọ̀ rí sínú fóònù mi? Ẹ̀ẹ́n, 'Tíṣà Ìṣirò.' Ṣé èmi ni mo fẹ́ máa kọ́ ìṣirò lọ́jọ́ ogbó?"

Nọ́ńbà olùkọ́ Munirat ni. Ó fura pé ọ̀rọ̀ ímeèlì yẹn ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn bí Alhaja ṣe pè é ní Injiníà lójú àwọn oníbàárà.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ma," ó ní. "Ẹ má dá a lóhùn."

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé kan, òjò ká Munirat àti Tabitha mọ́ ojú ọ̀nà ní Bàríga bí wọ́n ṣe ń ti ilé ìwé bọ̀. Wọ́n sá sábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù kan tó wà ní títì. Tabitha yìí ni ọmọ Ìyá Tabitha tó ń fi Àǹtí Tẹniọlá ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n òun àti Munirat ti ń ṣọ̀rẹ́ láti kékeré, wọn kì í fira wọn sílẹ̀.

"Jẹ́ kí n rí fọ́tò tí a yà níbi eré ìdárayá jọ̀ọ́," ni Tabitha wí.

Munirat ṣí ibi tí ímeèlì rẹ̀ ń tọ́jú fọ́tò pamọ́ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ibi tí kì í sábà wò. Èyí tó wà lókè pátápátá kì í ṣe òun ló yà á. Dúdú ni, ó sì ní funfun tó rí bí èéfín láàárín. Nínú èéfín yẹn ni orí róbótó kékeré kan wà, àti ọwọ́ kan tó ká sókè bí ẹni tó fẹ́ kí èèyàn. Orúkọ Àǹtí Tẹniọlá wà lókè rẹ̀ gàdàgbà.

Ó yé Munirat lójú ẹsẹ̀. Fọ́tò àyẹ̀wò oyún tí Àǹtí fi fóònù rẹ̀ yà ti gba inú ímeèlì wọ inú fóònù tirẹ̀. Ó fẹ́ pa á dé, ṣùgbọ́n Tabitha ti rí i.

"Jésù! Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá Japhet ti lóyún!"

"Rọra sọ̀rọ̀!"

"Fi í ránṣẹ́ sí mi. Jẹ́ kí n fi han màmá mi."

"Rárá o."

"Kí ló dé? Munirat, gbọ́ mi ná. Wọ́n ń bú u nítorí pé wọn ò mọ̀ ni. Bí wọ́n bá rí fọ́tò yìí, láti òní lọ wọ́n á máa gbé èso lọ bá a nílé. Oore lo máa ṣe fún un. Àbí ó dùn mọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Munirat lára. Ó rí Ìyá Tabitha lójú inú rẹ̀, tó kúnlẹ̀ tó ń bẹ Àǹtí, tí gbogbo ilé ń pàtẹ́wọ́, tí Àǹtí wá yíjú wò ó pé ìwọ lo ṣe mí lóore yìí. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti sún mọ́ ibi tó yẹ kó tẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí pé oyún ti bàjẹ́ lára Àǹtí rí. Gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ pé obìnrin tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí kì í sọ̀rọ̀ oyún síta, ó máa ń fi í sílẹ̀ kí ikùn fúnra rẹ̀ sọ ọ́.

"N kò ní í ṣe é," ó ní. "Kì í ṣe tiwa. Wò ó, mo ti pa á rẹ́. O ò rí nǹkan kan."

"Èmi tí mo ní ojú?" Tabitha pòṣé. "Ìbẹ̀rù rẹ ti pọ̀ jù."

Munirat lọ sílé, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé òun ti ṣe ohun tó dára. Kò sọ fún Àǹtí. Bó bá sọ ọ́, ó ní láti sọ bí fọ́tò náà ṣe dé ọwọ́ rẹ̀, orúkọ Injiníà á sì fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú tábìlì.

Nígbà tí Sátidé pé, Àǹtí Tẹniọlá wọlé pẹ̀lú ojú tó pọ́n. Kò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà. Ó mú Munirat lọ sẹ́yìn òkìtì bébà.

"Fọ́tò kan wà nínú fóònù mi," ó ní. "Mo máa ń wò ó kí n tó sùn, mo sì máa ń wò ó tí mo bá jí. Láti Wẹ́sìdé, n kò rí i mọ́. Mo wá a títí. Ṣé fóònù máa ń gbé nǹkan mì ni?" Ọwọ́ rẹ̀ lọ síkùn, ó sì tètè gbé e kúrò. "Oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ló ń wá sí mi lọ́kàn, bí ẹni pé àmì búburú ni. Má dá mi lóhùn. Ṣá bá mi wá a."

Ó yé Munirat. Ímeèlì kan náà ló wà nínú fóònù méjèèjì. Ohun tó pa rẹ́ nínú tirẹ̀ ti pa rẹ́ nínú ti Àǹtí náà.

Ó mọ̀ pé fọ́tò náà kò tíì lọ tán. Ohun téèyàn bá pa rẹ́ máa ń wà nínú agbọ̀n ìdọ̀tí inú fóònù fúngbà díẹ̀ kó tó lọ pátápátá. Fóònù tirẹ̀ wà nínú àpò rẹ̀. Bó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, fọ́tò á padà sójú, Àǹtí á fò mọ́ ọn, á máa yìn ín. Kò sí ẹni tí yóò mọ nǹkan kan láéláé. Ọwọ́ rẹ̀ ti wọ àpò.

"Ọkọ mi ló fa gbogbo rẹ̀," ni Àǹtí ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ìyá Tabitha pè mí ní Tọ́sìdé, ó ní òun ń bá mi dúpẹ́, ó ní òun gbọ́ pé nǹkan ayọ̀ ń bọ̀. Èmi àti ọkọ mi nìkan la mọ ọ̀rọ̀ yìí. A jọ ṣèlérí pé ẹnu wa ò ní í gbé e jáde. Ó ní òun ò sọ ọ́, mo ní irọ́ ló ń pa. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀yìn la ń kọ síra wa sùn."

Ọwọ́ Munirat dúró nínú àpò. Bó bá dá fọ́tò padà láìsọ̀rọ̀, ìyìn á jẹ́ tirẹ̀, ẹ̀bi á sì jẹ́ ti Bọ̀ọ̀dá Japhet. Ó fa ọwọ́ náà yọ ní òfìfo.

"Àǹtí, kì í ṣe Bọ̀ọ̀dá. Èmi ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti ímeèlì, ó sọ ti òjò, ó sọ ti Tabitha, ó sọ bó ṣe pa fọ́tò rẹ́ tó sì dákẹ́.

Àǹtí Tẹniọlá gbé fóònù rẹ̀ ka orí bébà. "Ìyẹn ni pé láti ọjọ́ tí o ti sọ fún mi pé ó ti tán, inú ilé tìrẹ ni mo ti ń gbé, tí mo rò pé inú ilé tèmi ni mo wà."

"Ẹ má bínú ma."

"Inú ń bí mi gan-an. N kò kàn ní í pariwo lé ọ lórí kí tábìlì má bàa gbọ́ ni. Ta ló tún wà nínú fóònù rẹ?"

"Alhaja Fàsílátù ma. Àti àwọn mìíràn."

"Ṣé wọ́n mọ̀?"

"Rárá ma."

"Lọ sọ fún wọn. Bó o bá ti sọ fún gbogbo wọn tán, padà wá parí iṣẹ́ mi."

Munirat lọ. Ìyá rẹ̀ rí i bó ṣe ń kọjá, ó béèrè pé kí ló dé. Nígbà tó gbọ́ apá tó kan ti ímeèlì, ó fọwọ́ lẹ́rán, ṣùgbọ́n kò dá a dúró. Ọ̀dọ̀ Alhaja ló kọ́kọ́ yà sí.

"Ṣé ohun tí o ń sọ ni pé gbogbo fọ́tò mi lo ti ń wò?" ni Alhaja pariwo. "Títí kan èyí tí mo yà láìborí?"

"N kò wò ó ma. Ṣùgbọ́n mo lè wò ó tí mo bá fẹ́. Ìyẹn gan-an ló burú."

"Injiníà la ń pè ọ́, àṣé fèrèsé ni ọ́! Yọ ímeèlì rẹ kúrò níwájú mi báyìí. Lẹ́yìn ìyẹn, má tún fọwọ́ kan fóònù mi mọ́."

Munirat yọ ọ́. Àwọn oníbàárà tó ń ra bébà ń wò ó. Ojú tì í dé ìka ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró títí iṣẹ́ náà fi parí, ó kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀, ó sì lọ bá ẹni tó kàn. Àwọn kan bú u, àwọn kan kàn rẹ́rìn-ín pé kí ló wà nínú fóònù àwọn tẹ́lẹ̀. Ó ṣàlàyé fún wọn bákan náà.

Nígbà tó padà, Àǹtí Tẹniọlá ti gbé àga méjì sẹ́yìn òkìtì bébà. Munirat fi fóònù tirẹ̀ hàn án kedere, ó jẹ́ kó rí bí òun ṣe yọ fọ́tò náà nínú agbọ̀n. Bí orí róbótó kékeré yẹn ṣe yọ lójú fóònù Àǹtí, obìnrin náà fi í mọ́ àyà.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tọ́jú fọ́tò náà sínú fóònù Àǹtí fúnra rẹ̀, Munirat sì pa á rẹ́ nínú tirẹ̀, títí dé inú agbọ̀n. Ó yọ ímeèlì rẹ̀ kúrò. Wọ́n ṣí tuntun. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì ń fà, ṣùgbọ́n wọ́n dúró dè é. Nígbà tó kan páásíwọ́ọ̀dù, Munirat dìde, ó kọjú sógiri.

"Ẹ̀yin ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ma. Ẹ má fi orúkọ Bọ̀ọ̀dá ṣe é, ẹ má fi ọjọ́ ìbí yín ṣe é. Ẹ má sì kà á síta."

Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo ògiri bí ọmọ tí tíṣà fìyà jẹ, títí Àǹtí fi ní ó tó. Lẹ́yìn ìyẹn ló fi ibi tí fóònù ti máa ń kọ orúkọ gbogbo ẹ̀rọ tó ń lo ímeèlì náà hàn án, kó lè máa wò ó fúnra rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ó kọ́ ọ bí yóò ṣe pa ohun tó ń gbé fọ́tò lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àǹtí fọwọ́ ara rẹ̀ pa á.

"Ó mà pẹ́ o," ni Àǹtí wí. "Lọ́jọ́ sí, kíá lo ṣe é."

"N kò ṣe é lọ́jọ́ sí ma. Òní ni mo ń ṣe é."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, Àǹtí rẹ́rìn-ín. Ó pe ọkọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Olówó orí mi, èmi ni. Mo ti ṣẹ̀ ọ́ lásán... Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà. Ó dáa, máa yangàn, ó tọ́ sí ọ." Nígbà tó parí, ó yíjú sí Munirat. "Ti Ìyá Tabitha, fi í sílẹ̀ fún mi. Bó bá tún pè, n ó sọ fún un pé, ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ tí mo bá ní ìròyìn, ẹ̀yin ni n ó kọ́kọ́ pè."

Lọ́jọ́ Ajé, Munirat àti Tabitha jọ sọ ọ̀rọ̀ náà nílé ìwé.

"Ṣebí o ní kí n má gba fọ́tò," ni Tabitha wí, "o ò ní kí n má sọ̀rọ̀. Ìròyìn ayọ̀ ṣá ni."

"Ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n Àǹtí ló ni í. A gba ayọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó múra tán láti sọ ọ́. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́. Ìwọ ńkọ́?"

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Tabitha dá lọ sílé Bọ̀ọ̀dá Japhet, ó sì kúnlẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló padà sípò. Alhaja Fàsílátù gbé fóònù rẹ̀ lọ fún ẹlòmíràn, kò sì gbé e padà wá mọ́. Fún ọjọ́ pípẹ́, kò sí ẹni tó pe Munirat ní Injiníà nídìí tábìlì. Nígbà tí oyún Àǹtí Tẹniọlá wá yọ gbangba, gbogbo wọn rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Òun fúnra rẹ̀ ló rọra gbé ọwọ́ lé ikùn níwájú wọn, tó ní, "Ẹ ti rí i, àbí?" Ariwo ayọ̀ tó sọ nínú ilé ìtẹ̀wé bo ti ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Munirat pariwo pẹ̀lú wọn, inú rẹ̀ sì dùn pé ibi tó yẹ kí ìròyìn náà ti jáde gan-an ló ti jáde.

Ohun tó kọ́ kò fi í sílẹ̀ mọ́. Ó ti mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá fún ní fóònù kó tún un ṣe, ayé onífóònù ni wọ́n fi sí i lọ́wọ́. Ìròyìn tí kì í ṣe tèèyàn, ì báà dùn bí oyin, kì í ṣe tirẹ̀ láti pín. Bí èèyàn bá sì ṣàṣìṣe, kí ó sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó jìyà rẹ̀.

Ní Sátidé kan, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ọlápọ̀sí sáré wọlé, fóònù tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìwọ ni Munirat? Tẹniọlá ló ní kí n wá bá ọ. Kíákíá ni o, ẹni kan ń dúró dè mí. Ṣá fi ímeèlì tìrẹ sí i kí n máa lọ."

Munirat fa àga kan síwájú rẹ̀.

"Kò lè jẹ́ kíákíá ma. Ẹ jókòó. Ọwọ́ yín lẹ máa fi tẹ̀ ẹ́, èmi á máa sọ ohun tí ẹ máa tẹ̀."

Ìyá Ọlápọ̀sí wò ó láti òkè délẹ̀, ó wo àwọn obìnrin nídìí tábìlì bí ẹni tó ń béèrè bóyá orí ọmọ yìí pé. Àwọn náà kàn ń ṣa bébà wọn lọ. Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó bọ́ báàgì rẹ̀ kúrò léjìká, ó sì jókòó.